Ta Ni A Ó Fi Kọ́kọ́rọ́ Náà Lé Lọ́wọ́?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín lónìí, ẹ̀yin ọmọ Oòduà tí ẹ fi Àbújá ṣe ilé, jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àgbà lè gbọ́ kí ó kọ́kọ́ wí pé kò kan òun, pé ti àwọn ọmọdé ayé òde òní ni. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn tó bá ti kan owó tó wà ní báńkì, tó kan nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba fún wa, tó sì kan iṣẹ́ tí àwọn ọmọ wa ń fi kọ̀ǹpútà ṣe mọ́jú, kò sí ẹni tí kò kàn nínú agbo ilé. Ọ̀rọ̀ náà ni ti kọ́kọ́rọ́ tí ètò orí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́ kí ó tó lè wọlé síbi tí ìròyìn ìṣẹ̀lẹ̀ ti ń ṣàn láìdúró lórí kíláòdù: bí a ti ń gbà á, ohun tó wà nínú rẹ̀, àti irú ẹni tó yẹ kí a fi lé lọ́wọ́.

Kí n tó dé orí kọ́kọ́rọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí a jọ rí ṣàlàyé ìdí tí ìròyìn ìṣẹ̀lẹ̀ fi ń ṣàn. Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Ní oṣù Ọ̀wàrà 2022 ni Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa, tí olú-ilé rẹ̀ wà ní Àbújá níbí, ti kéde pé òun yóò pààrọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà sí tuntun. Wọ́n dá ọjọ́ tí owó àtijọ́ yóò kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n tún sún un síwájú, ọ̀rọ̀ náà sì dé Ilé-Ẹjọ́ tó ga jùlọ, tí ó dájọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù Ẹrẹ́nà 2023 pé kí a máa ná owó àtijọ́ lọ títí ọdún náà yóò fi parí. Ṣùgbọ́n kí ìdájọ́ ọ̀hún tó dé, ojú ti rí màbo. Ẹni tó bá lọ ra ata ní ọjà Wúsè, kò sí owó lọ́wọ́ rẹ̀, tíráńsífà ló kù. Olùrà á na fóònù sí ìyá aláta pé owó ti kúrò lọ́dọ̀ òun. Ìyá aláta á ní òun kò tíì rí alẹ́ẹ̀tì. Àwọn méjèèjì á dúró, wọ́n á máa wo ojú ara wọn, àwọn oníbàárà yòókù á sì máa kùn lẹ́yìn wọn. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Owó ti kúrò níbì kan lóòótọ́, kò sì tíì dé ibì kejì.

Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu. Nígbà tí ènìyàn bá tẹ fóònù rẹ̀ láti fi 5,000 náírà ránṣẹ́, kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo ló ṣẹlẹ̀. Báńkì tirẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ owó náà. NIBSS, ilé-iṣẹ́ tó so àwọn báńkì ilẹ̀ wa pọ̀, tí ó sì dá ètò ìfowóránṣẹ́ ojú ẹsẹ̀ sílẹ̀ ní 2011, gbọ́dọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí báńkì kejì. Báńkì kejì gbọ́dọ̀ fi owó kún ti ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí. Ẹ̀rọ tó ń tẹ alẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbọ́, àwọn tó ń ṣọ́ olè gbọ́dọ̀ gbọ́, akọ̀wé ìṣirò náà kò sì gbọdọ̀ gbẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ pé ńṣe ni olúkúlùkù wọn ń pe ẹnìkejì rẹ̀ lórúkọ, tí ó ń dúró de ìdáhùn kí ó tó ṣe ti ara rẹ̀, ọjọ́ tí ọ̀kan bá rẹ̀ ni gbogbo wọn yóò rẹ̀.

Ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ dá sí irú ìṣòro báyìí ni pé kí ẹnikẹ́ni má pe ẹnikẹ́ni mọ́. Kí ohun gbogbo tó bá ṣẹlẹ̀ lọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo, kí ẹni tó fẹ́ gbọ́ wá kà á níbẹ̀. Ní ilé-iṣẹ́ LinkedIn ní Amẹ́ríkà ni Jay Kreps, Neha Narkhede àti Jun Rao ti ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ṣí i sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé ní 2011. Kafka ni wọ́n sọ ọ́. Kreps ló fi orúkọ Franz Kafka, òǹkọ̀wé nì, pè é, ó ní ẹ̀rọ tí a ṣe nítorí kíkọ̀wé ni, orúkọ òǹkọ̀wé sì yẹ ẹ́. Ó dùn mọ́ mi nínú pé òǹkọ̀wé yẹn kan náà ló kọ ìtàn ọkùnrin tó ń wá ọ̀nà àtiwọ ilé olódi kan, tí wọ́n ń rán an láti ọ̀dọ̀ akọ̀wé kan lọ sí ọ̀dọ̀ òmíràn, tí kò sì rí ọ̀nà wọ̀ ọ́; ẹni tó bá ti wá fọ́wọ́ síwèé rí ní ọ́fíìsì ìjọba ní Àbújá yìí kò ní bi mí léèrè ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín.

Bí ìwé náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò nira. Ìṣẹ̀lẹ̀ tuntun kì í wọ àárín àwọn ti àtijọ́, ìsàlẹ̀ pátápátá ni ó ń lọ, a sì fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀ ní títẹ̀léra. Ẹni tó ń kà á kì í fà á ya lẹ́yìn tó kà á tán. Ńṣe ni ó ń rántí nọ́ńbà ibi tí òun dé. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ tó ń tẹ alẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ bá dákú fún wákàtí kan, nígbà tó bá jí, ibi tó dúró sí ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, kò ní fo ẹnì kan, àwọn yòókù tó ti kà á lọ kò sì ní dúró dè é. Àmọ́ ìwé náà kì í wà títí láé. Ní Event Hubs, irú ìwé àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí Microsoft ń yá ènìyàn, ẹni tó bá ń san owó ìpele àárín lè pa ìṣẹ̀lẹ̀ mọ́ fún ọjọ́ 7, ẹni tó bá san jù bẹ́ẹ̀ lọ lè dé ọjọ́ 90. Ohun tó bá ti ré kọjá ọjọ́ tí a dá, a ó gbá a dànù.

Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kéékèèké kò ní agbára àtira ẹ̀rọ tiwọn sílé kí wọ́n sì tún máa da epo sí jẹnẹrétọ̀ nítorí rẹ̀, nítorí náà wọ́n ń yá a lò. Ohun tí àwọn ọmọ wa ń pè ní kíláòdù nìyẹn: kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, ní ìlú ẹlòmíràn, tí a ń sanwó lórí rẹ̀ bí a bá ti lò ó tó. Microsoft ní Event Hubs, IBM ní Event Streams, Amazon ní tirẹ̀, Kreps, Narkhede àti Rao tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan sì dá ilé-iṣẹ́ Confluent sílẹ̀ ní 2014 láti máa yá ènìyàn ní Kafka. Láti ọdún 2019 ni àwọn ẹ̀rọ Microsoft ti wà ní Johannesburg àti Cape Town, ti Amazon sì dé Cape Town ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ìṣẹ̀lẹ̀ tó ṣẹ̀ ní Wúsè lè gba abẹ́ òkun lọ sí ilẹ̀ South Africa kí ó tó dé etígbọ̀ọ́ ẹni tó wà ní Garki. Ní ọjọ́ 14 oṣù Ẹrẹ́nà 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, ACE, MainOne àti SAT-3, bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ní ìtòsí Abidjan, íńtánẹ́ẹ̀tì sì di ọ̀wọ́n gógó ní ilẹ̀ wa. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá jókòó tí ó ń pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ń yọ ara rẹ̀ lẹ́nu lásán ni, nítorí kọ́kọ́rọ́ kò ṣe nǹkan kan, ọ̀nà ló já.

Ìdíwọ́ kan tún wà tí ó ń pàdé àwọn ọ̀dọ́ wa kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà rárá. Ẹni tó fẹ́ yá ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ ní káàdì báńkì tó lè ná owó ní òkèèrè, bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2022 àwọn báńkì kan dín iye tí káàdì náírà lè ná lẹ́yìn odi kù sí 20 dọ́là lóṣù, kí wọ́n tó wá tì í pa pátápátá. Ní ọdún 2025 ni díẹ̀ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i padà. Bí ọmọ yín bá wá tọrọ káàdì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní London láti fi forúkọ sílẹ̀, ẹ má tètè pè é ní ọmọ Yahoo.

Ó kù kí a dé ìdí ọ̀rọ̀. Láyé àtijọ́, nígbà tí Aláàfin Ọ̀yọ́, Ikú Bàbá Yèyé, Aláṣẹ Èkejì Òrìṣà, bá fẹ́ rán ọ̀rọ̀ sí ìlú tó wà lábẹ́ rẹ̀, ilàrí ni ó ń rán. Ilàrí kò mú lẹ́tà lọ́wọ́. Wọ́n ti sín gbẹ́rẹ́ sí i lórí, wọ́n fá apá kan irun rẹ̀, wọ́n sì dá apá kan sí, débi pé ẹni tó bá rí i lókèèrè mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ọba ni ó ti ń bọ̀. Orúkọ tí ọba sọ ọ́, irú bíi Mádàríkàn, jẹ́ ọ̀rọ̀ tí gbogbo ìlú gbọ́ tí wọ́n sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. A kò gbọ́ pé ilàrí tí a rán lọ gba ìṣákọ́lẹ̀ ní ìlú kan kọjá lọ sí ìlú mìíràn láti fi baálẹ̀ jẹ. Iṣẹ́ tí a rán an ni àṣẹ rẹ̀ mọ. Ẹ̀rọ tó wà ní Johannesburg kò ní ojú tí yóò fi wo orí tí a fá, kò sì mọ ọmọ ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà. Lẹ́tà, nọ́ńbà àti àmì ni ó lè kà. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta kan náà ni ó fẹ́ mọ̀: ta ni ó rán ọ, kí ni ó rán ọ wá ṣe, àti ibo ni àṣẹ rẹ mọ?

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ tí à ń yá lò, Event Hubs, fínnífínní. Ká ní ọ̀dọ́bìnrin kan ń bá àwọn onímọ́tò ní gáréèjì Utako ṣiṣẹ́, àwọn ọkọ̀ wọn ń ná Lọ́kọ́jà àti Ìbàdàn, ọ̀gá wọn sì fẹ́ mọ̀ ní wàrà-wéré pé ọkọ̀ kan ti gbéra, pé ó ti kọjá Gwagwalada, pé táyà rẹ̀ fọ́ ní Abaji. Ọ̀dọ́bìnrin yìí yóò wọ orí ìkànnì Azure, tí í ṣe kíláòdù Microsoft, yóò yan orúkọ ààyè kan tí ẹlòmíràn kò tíì gbà ní gbogbo àgbáyé, nínú ààyè náà yóò sì ṣí ìwé àkọsílẹ̀ kan tí yóò pè ní «irinajo», láìsí àmì ohùn, nítorí ẹ̀rọ náà kò gba àmì ohùn nínú orúkọ. Lẹ́yìn náà yóò lọ síbi tí wọ́n kọ Shared access policies sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rọ kọ́kọ́rọ́. Kí ó tó rọ ọ̀kan kan, yóò rí i pé ọ̀kan ti wà nílẹ̀ tí Microsoft rọ fún un ní ọjọ́ tó ṣí ààyè náà. Orúkọ rẹ̀ gùn: RootManageSharedAccessKey. Kọ́kọ́rọ́ yìí lè kọ, ó lè kà, ó lè dá ìwé tuntun sílẹ̀, ó sì lè pa èyí tó wà rẹ́.

Nínú ọ̀rọ̀ ìwọlé tí yóò dà kọ láti ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní connection string, abala mẹ́rin ló lè wà, àmì ìdánudúró tó ní ìrù (;) sì ló pín wọn níyà. Àkọ́kọ́ ni àdírẹ́sì, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú «Endpoint=sb://», tí orúkọ ààyè rẹ̀ tẹ̀ lé e, tí ó sì parí sí «servicebus.windows.net». Èkejì ni orúkọ àṣẹ tí kọ́kọ́rọ́ náà ń jẹ́. Ẹ̀kẹta ni àṣírí fúnra rẹ̀, lẹ́tà ńlá, lẹ́tà kékeré àti nọ́ńbà tí a dà pọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, tí ó sì ń parí sí àmì dọ́gba. Ẹ̀kẹrin, tí kì í sí níbẹ̀ nígbà gbogbo, ni orúkọ ìwé kan ṣoṣo tí a fún kọ́kọ́rọ́ náà láyè láti dé. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ fi etí sí ti àmì dọ́gba tó wà ní ìparí àṣírí yẹn. Bí ẹ bá fi ọwọ́ dà á kọ tí ẹ gbàgbé rẹ̀, tàbí tí ètò tí ẹ ń kọ bá gé ọ̀rọ̀ náà sọ́tọ̀ níbi gbogbo tó bá ti rí àmì dọ́gba, ilẹ̀kùn kò ní ṣí, ẹ ó sì jókòó sídìí rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ fi èdè Kafka bá Event Hubs sọ̀rọ̀, ẹnu ọ̀nà 9093 ni yóò kàn. Orúkọ oníṣe tí yóò pè ni «$ConnectionString», bí mo ti pè é gan-an yìí, pẹ̀lú àmì dọ́là níwájú, odidi ọ̀rọ̀ ìwọlé yẹn ni yóò sì fi ṣe pásíwọ́ọ̀dù. Àwọn kan ti fi orúkọ ara wọn síbẹ̀, wọ́n sì ń bínú sí ẹ̀rọ. Ti IBM tún yàtọ̀: «token» ni orúkọ oníṣe, kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fún yín ni pásíwọ́ọ̀dù, nígbà tí ẹ bá sì ń gbà á, wọn yóò bi yín bóyá òǹkàwé ni, òǹkọ̀wé ni, tàbí alábòójútó. Confluent ni ó le jù. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó ń fi àṣírí náà hàn yín. Bí ẹ bá ti pa ojú ewé náà dé láìtọ́jú rẹ̀, kò sí ẹ̀bẹ̀ tí ẹ lè bẹ̀, àfi kí ẹ pa á rẹ́ kí ẹ rọ òmíràn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń ráhùn sí èyí. Ní tèmi, òun ni mo fara mọ́ jù, nítorí àṣírí tí a lè padà lọ wò nígbà tó bá wù wá, ẹlòmíràn tó bá wọ àkáǹtì wa náà lè lọ wò ó.

Kí wá ni ọ̀dọ́bìnrin Utako yóò ṣe? Àwọn àgbà ní ìka tó tọ́ sí imú la fi ń ro imú. Fóònù tó wà nínú ọkọ̀ kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó kọ pé ọkọ̀ dé ibi báyìí lọ, kọ́kọ́rọ́ tó lè kọ̀wé nìkan, lórí ìwé «irinajo» nìkan, ni ó tọ́ sí i. Kọ̀ǹpútà ọ̀gá tó wà ní ọ́fíìsì kò ní ohun tó ń kọ, èyí tó lè kàwé nìkan ni ó tọ́ sí i. Bí wọ́n bá jí fóònù awakọ̀ gbé ní Gwagwalada, olè náà kò lè fi kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú rẹ̀ ka orúkọ àti nọ́ńbà àwọn èrò ọkọ̀ nínú ìwé náà. Lóòótọ́ ó lè kọ irọ́ sínú rẹ̀ pé ọkọ̀ ti dé Lọ́kọ́jà nígbà tí kò dé, ìdí sì nìyí tí kò fi dára kí gbogbo ọkọ̀ máa lo kọ́kọ́rọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n àṣẹ 12 péré ni a lè rọ sórí ìwé kan. Ẹni tó bá ní ọgbọ̀n ọkọ̀, ohun tí yóò ṣe ni pé yóò fi kọ́kọ́rọ́ ńlá pamọ́ sílé, yóò sì máa ti ara rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé ìwọlé kékeré fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí orúkọ ọkọ̀ àti wákàtí tí yóò kú wà lára rẹ̀; bí ọkọ̀ bá dé Ìbàdàn, kí ìwé náà ti di òkú ìwé.

Ohun tí mo ń rí lọ́pọ̀ ìgbà kọ́ nìyí. Ohun tí mo ń rí ni pé RootManage yẹn ni wọ́n ń dà kọ, nítorí òun ló wà nílẹ̀, òun ló yá, wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín ètò tí wọ́n kọ, wọ́n á gbé gbogbo rẹ̀ sórí GitHub, ìkànnì tí àwọn tó ń kọ ètò ti ń pín iṣẹ́ wọn, fún ọ̀rẹ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí iṣẹ́ wọn tọ̀sán-tòru kò ju kí wọ́n máa ka ohun tuntun tó bá dé GitHub láti wá kọ́kọ́rọ́ tí ẹnì kan gbàgbé síbẹ̀. Ẹni tó bá sì ti ṣe bẹ́ẹ̀, kò tó kí ó kàn pa ìlà náà rẹ́, nítorí GitHub ń tọ́jú ìtàn gbogbo àtúnṣe, ìlà tí a pa rẹ́ lónìí ṣì wà ní ojú ewé àná. Ọ̀nà àbáyọ kan ló wà: kí a sọ kọ́kọ́rọ́ náà di òkú lójú ẹsẹ̀.

Àwa tí a wà ní Àbújá kò ní láti wá àpẹẹrẹ ọ̀ràn yìí jìnnà. Ní Sokode Crescent, Wúsè Zone 5, ni olú-ilé NIMC wà, àjọ tí òfin ọdún 2007 dá sílẹ̀ láti máa fún wa ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí à ń pè ní NIN. Báńkì, ilé-iṣẹ́ fóònù àti àwọn mìíràn tó gba ìyọ̀ǹda ń fi kọ́kọ́rọ́ wọn wọlé láti béèrè bóyá nọ́ńbà tí ẹnì kan mú wá jẹ́ tirẹ̀. Ní oṣù Òkúdù 2024, ẹgbẹ́ Paradigm Initiative kéde pé àwọn ìkànnì kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń ta ìsọfúnni NIN àti BVN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báńkì) àwọn ọmọ Nàìjíríà, ní 100 náírà péré. NIMC dáhùn pé kò sí ẹni tó já wọ inú ilé ìkẹ́rùsí òun. Èmi kì í ṣe adájọ́ láàárín wọn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní irú ètò báyìí, kò pọn dandan kí olè já ògiri. Bí ẹnì kan tó ní kọ́kọ́rọ́ tòótọ́, tí ó sì gbòòrò, bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí ó ń gba 100 náírà lọ́wọ́ ẹni tó ń kọjá, ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì, ẹrù sì ti jáde. Bí ikú ilé kò pani, tòde kò lè pani.

Bẹ́ẹ̀ ni NIMC kan náà ló ti gbé oògùn ọ̀ràn yìí jáde ṣáájú, tí ọ̀pọ̀ wa kò sì lò ó. Láti ọdún 2022 ni wọ́n ti ní kí ènìyàn má máa gbé NIN rẹ̀ gan-an fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ yín wò yóò fún yín ní àmì ilé-iṣẹ́ rẹ̀, ẹ ó sì tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú NIN yín lórí fóònù, ìyẹn *346*3*, kí ẹ wá fi NIN yín tẹ̀ lé e, kí ẹ tẹ ìràwọ̀, kí ẹ tẹ àmì ilé-iṣẹ́ náà, kí ẹ sì fi # parí rẹ̀. Wọn yóò fi vNIN ránṣẹ́ sí yín, lẹ́tà àti nọ́ńbà 16 ní àpapọ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ẹ dárúkọ nìkan ló lè lò ó, lẹ́yìn wákàtí 72 ó di òkú, bí ẹnikẹ́ni bá sì rí i nílẹ̀ níwájú Banex Plaza lọ́la, kò lè fi ṣe nǹkan kan. Kò sí ìyàtọ̀ láàárín èyí àti ìwé ìwọlé kékeré tí ọ̀dọ́bìnrin Utako ń fọwọ́ sí fún ọkọ̀ rẹ̀. Ìyá mi àgbà lè lò ó. Síbẹ̀, ẹ wo bí à ń ṣe é: à ń kọ NIN wa gbọọrọ sórí ìwé tí wọ́n fi ń gba ilé ní Lugbe, à ń ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí ẹni tí a kò rí rí, a sì tún ń béèrè ibi tí àwọn oníjìbìtì ti rí nọ́ńbà wa.

Ní ti ibi tí kọ́kọ́rọ́ yẹ kí ó máa gbé, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Kò yẹ kó wà nínú ètò fúnra rẹ̀, kò yẹ kó wà nínú ìwé àjákọ, kò sì yẹ kó wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp ilé-iṣẹ́. Àpótí àṣírí wà lórí kíláòdù tí a ṣe nítorí rẹ̀, ètò yóò lọ mú un níbẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ lò ó. Microsoft fúnra rẹ̀ tilẹ̀ ń gba àwọn oníbàárà rẹ̀ nímọ̀ràn báyìí pé níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ àjùmọ̀lò sílẹ̀, kí ètò kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀ tí a mọ̀ ọ́n sí, kí a sì fún orúkọ náà ní àyè àtikọ̀wé tàbí àyè àtikàwé. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ sórí ẹ̀rọ wọn nínú kíláòdù kan náà lè ṣe èyí pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Fóònù inú ọkọ̀ Utako kò ní rí i ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí ọ̀ràn ń le jù ni ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n á gba káàdì ọ́fíìsì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á gba kọ̀ǹpútà, wọ́n á jẹ ìrẹsì ìdágbére, kọ́kọ́rọ́ tó dà kọ ní ọdún méjì sẹ́yìn á sì wà pẹ̀lú rẹ̀ nílé. Àwọn tó ṣe Event Hubs ti ro èyí, nítorí náà àṣírí méjì ni wọ́n fi sínú àṣẹ kọ̀ọ̀kan, ti àkọ́kọ́ àti ti èkejì, èyíkéyìí nínú wọn ló sì lè ṣí ilẹ̀kùn. Bí ọ̀kan bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ sọ èkejì tó wà ní ìsinmi di tuntun. Ẹ gbé tuntun yìí fún gbogbo ètò tó ń ṣiṣẹ́, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìkánjú. Ìgbà tí ẹ bá rí i pé kò sí èyí tó ṣẹ́ kù sórí ti àtijọ́ ni kí ẹ tó sọ òun náà di tuntun. Iṣẹ́ kò ní dúró fún ìṣẹ́jú kan, kọ́kọ́rọ́ tó wà nílé ẹni tó lọ kò sì ní ṣí ohunkóhun mọ́. Àwọn tó bá kánjú pa èyí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kọ́kọ́ ni ẹ ń gbọ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn wó lọ́sàn-án gangan.

Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀ pé kọ́kọ́rọ́ jáde, tí ìsọfúnni àwọn ènìyàn sì bá a lọ, òfin wà lórí rẹ̀ báyìí. Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ní ọjọ́ 12 oṣù Òkúdù 2023, àjọ tí òfin náà gbé kalẹ̀, NDPC, sì wà níhìn-ín ní Àbújá pẹ̀lú wa. Ilé-iṣẹ́ tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí, tó sì lè pa àwọn ènìyàn lára, ní wákàtí 72 láti ìgbà tó ti mọ̀ láti sọ fún àjọ náà. Bí ewu náà bá tóbi fún àwọn tí ìsọfúnni wọn jáde, ó gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn náà láìfi falẹ̀, ní èdè tó yé wọn, kí ó sì sọ ohun tí wọ́n lè ṣe láti dáàbò bo ara wọn. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ bá gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ báńkì tàbí ilé-iṣẹ́ kan, ẹ má fi í di ẹ̀pà. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀, nítorí òun ni ẹ ó mú lọ́wọ́ bí ẹ bá fẹ́ gbé ẹ̀sùn lọ sí ọ̀dọ̀ àjọ náà.